Olùkọ́ Ló Wọ́n ní Iléèwé Abúlé, Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn gómìnà, àwọn kọmíṣọ́nnà, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun àti àwọn tó ń ta ẹ̀rọ jọ fẹnu kò lé lórí. Wọ́n ní ohun tó fà á tí ọmọ abúlé kò fi mọ̀wé ni pé kò rí ẹ̀rọ lò. Wọ́n ní bí a bá fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì, tí a gbé sólà sórí òrùlé iléèwé rẹ̀, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dé ibẹ̀, òun àti ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Èkó á di ẹgbẹ́ ara wọn. Mo ta ko ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Ó dùn-ún gbọ́ létí, ó sì rọrùn láti fi polongo ìbò, ṣùgbọ́n ó ti gba owó lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó jù wá lọ, kò sì fún wọn ní ọmọ tó mọ̀wé.

Ẹ lọ sí àwọn oko kòkó tó wà lẹ́yìn Ilé-Ifẹ̀ àti Oǹdó, tàbí kí ẹ gba ọ̀nà Òkè-Ògùn kọjá Ìṣẹ́yìn, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé ibẹ̀, olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta ló ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà. Prámárì kìn-ín-ní, ìkejì àti ìkẹta á jókòó sínú yàrá kan, olùkọ́ kan ṣoṣo á sì dojú kọ gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà lè jẹ́ agùnbánirọ̀, tí yóò di ẹrù rẹ̀ bí ọdún bá ti pé. Òmíràn lè jẹ́ tíṣà PTA, ọmọ abúlé tó jáde ìwé mẹ́wàá, tí àwọn òbí ń dá owó jọ san fún nítorí pé ẹni tí ìjọba ṣèlérí kò dé. Ẹni tí ìjọba rán wá gan-an, ìlú ló ń gbé. Kò rí ilé gbé ní abúlé, owó ọ̀kadà àlọ àtàbọ̀ sì ń jẹ owó oṣù rẹ̀ run, nítorí náà ó di kó máa wá lọ́jọ́ tí agbára rẹ̀ bá gbé e. Àwọn kan á pè é ní ọ̀lẹ. Èmi kò ní bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní kí àwọn tó ń pè é lọ́lẹ san irú owó ọkọ̀ yẹn láti inú irú owó oṣù yẹn, oṣù kan kò ní pé tí wọn ó fi wá tíráńsífà lọ.

Àjọ UNICEF sọ ní 2022 pé nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kan tó rọrùn. Púpọ̀ nínú wọn ló ń lọ sí iléèwé. Wọ́n wọ aṣọ iléèwé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì ń ké tẹ̀lé olùkọ́. Ohun tó ń bá wọn jà ni pé kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n, tó fi ọwọ́ tọ́ka sí lẹ́tà, tó sì dúró títí ó fi yé wọn. Ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì ló máa ṣe ìyẹn?

Peru dán an wò ju ẹnikẹ́ni lọ. Ètò One Laptop per Child, tí Nicholas Negroponte ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, gbà pé bí kọ̀ǹpútà kékeré bá ti wà lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ náà á kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ìjọba Peru rà tó 800,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn iléèwé abúlé tí òṣì ta jù ni wọ́n sì fi síwájú nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Nígbà tí báńkì tí wọ́n ń pè ní Inter-American Development Bank yẹ iléèwé abúlé 319 wò, àbájáde tó tẹ̀ jáde ní 2012 ni pé àwọn ọmọ tó gba kọ̀ǹpútà kò ta àwọn tí kò gbà á yọ, yálà nínú ìṣirò tàbí nínú èdè. Wọ́n mọ kọ̀ǹpútà lò, òótọ́ ni. Wọ́n tún ṣe dáadáa díẹ̀ sí i nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń wo bí ọmọ ṣe ń ronú. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lọ sí iléèwé kò yé wọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ padà lọ wo àwọn ọmọ ètò náà bóyá èso rẹ̀ kàn pẹ́ kó tó yọ ni. Kò yọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn olùkọ́ kò fi ẹ̀rọ náà kọ́ni tó nǹkan kan, nítorí pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ tí wọ́n fún wọn kò tó láti yí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni padà.

Ẹ máa rántí pé Peru ní ìjọba tó ní owó iná àti owó àtúnṣe ju tiwa lọ. Ní abúlé tiwa tí iná kò dé, bó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ọlọ́jà kan ló ń gba owó láti fi iná sí ẹ̀rọ ọmọ 60, báwo ni yóò ti rí? Mi ò ní fà á gùn jù. Ẹni tó bá ti gbé oko rí mọ ìdáhùn.

Àwọn ará Ọ̀ṣun á sọ pé àwa náà ṣe tiwa, a kò sì fi ti Peru ṣe àwòkọ. Wọn kò purọ́. Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé jáde ní oṣù Kẹfà 2013 jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ronú sí. Ìwé tó lé ní 50 wà nínú rẹ̀, fún iṣẹ́ 17, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, kódà ìtàn Yorùbá wà níbẹ̀, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣí. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n fún? Àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní sẹ́kọ́ńdírì ni. Ọmọ abúlé tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì débẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní í débẹ̀ láé, nítorí pé prámárì kẹta ni ìwé ti sú wọn. Ìwé 50 nínú ẹ̀rọ kan jẹ́ ìrànwọ́ ńlá fún ẹni tó mọ̀wé kà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, ìwé 50 náà kò yàtọ̀ sí òfìfo lójú rẹ̀.

Ẹ má rò pé mo kórìíra ẹ̀rọ. Ẹni tí wọ́n ń gbé e fún ni mo ń bá wọn jà lé lórí. Kẹ́ńyà ti ṣe àdánwò tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn aṣáájú wa kì í dárúkọ rẹ̀. Ní agbègbè Kisumu, wọ́n fún àwọn iléèwé ní ìwé kíkà kan náà àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan náà, wọ́n wá pín ẹ̀rọ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní apá kan, ọwọ́ àwọn ọmọ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìkàwé sí. Ní apá kejì, olùkọ́ ló gba tábúlẹ́ẹ̀tì. Ní apá kẹta, kò sí ẹ̀rọ ní kíláàsì rárá. Alábẹ̀wò tó ń lọ láti iléèwé kan sí èkejì, tó ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì wo bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni, tó sì ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, òun ni wọ́n fún. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Gbogbo apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tẹ̀ síwájú ju àwọn iléèwé tí wọn kò fún ní nǹkan lọ, ṣùgbọ́n ti àwọn tí ẹ̀rọ dé ọwọ́ ọmọ kò ga ju ti àwọn yòókù lọ. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù tó sì mú èrè wá jù ni ti alábẹ̀wò, nítorí pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo ń kárí ọ̀pọ̀ iléèwé.

Orí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé ètò Tusome lé nígbà tí wọ́n mú un kárí Kẹ́ńyà láti 2015. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìwé tirẹ̀, ìwé tí a fi bébà tẹ̀. Olùkọ́ gba ìwé atọ́nà. Alábẹ̀wò gba tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń fi ibi tó lọ hàn, ìyẹn ni wọ́n sì fi ń mọ iye owó ọkọ̀ tí wọ́n máa san padà fún un. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò kọ́ ọmọ ní ohunkóhun. Iṣẹ́ tó ṣe ni pé kò jẹ́ kí àgbàlagbà kan jókòó sí ọ́fíìsì kó máa kọ ìròyìn iléèwé tí kò dé.

Àwọn kan á ní Edo ti ṣe é, Èkó ti ṣe é, Kwara náà ti ṣe é. Láti 2018 tí ètò EdoBEST ti bẹ̀rẹ̀ ní Edo, olùkọ́ ni wọ́n ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fún, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà á sì wà nínú rẹ̀, olùkọ́ á máa tẹ̀lé e. Èyí sàn ju ti Peru lọ lọ́nà tó jìnnà, mo gbà. Àwọn olùkọ́ ń wá sẹ́nu iṣẹ́, ẹnì kan sì mọ̀ pé wọ́n wá. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí olùkọ́ di ẹni tó ń ka ohun tí ẹlòmíràn kọ sí ojú ẹ̀rọ, ní Gẹ̀ẹ́sì, fún ọmọ tí Yorùbá tàbí Ẹ̀dó nìkan ló gbọ́. Olùkọ́ tí kò mọ iṣẹ́ nílò ọ̀pá ìtìlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ọdún mẹ́ta bá kọjá tí kò sì lè fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀rọ la kọ́, a kò kọ́ olùkọ́.

Èyí tó tuntun jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni ti AI. Wọ́n á tọ́ka sí Benin City, níbi tí Báńkì Àgbáyé ti ṣe àdánwò ní 2024: àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì fi AI kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn iléèwé, èsì wọn sì gbéra sókè gan-an. N kò ní jiyàn èsì yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀: olú-ìlú ìpínlẹ̀, yàrá tí kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì wà, àwọn ọmọ tó ti mọ̀wé kà, àti olùkọ́ tí wọ́n ti kọ́ tó dúró tì wọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń lò ó, tó ń sọ ohun tí wọn ó béèrè àti bí wọn ó ṣe yẹ ìdáhùn wò. Ẹ yọ olùkọ́ kúrò nínú rẹ̀, kò sí ohun tó kù níbẹ̀ tí a lè gbé dé oko.

Bí mo bá wá sọ pé olùkọ́ ni, wọ́n á ní àwọn náà mọ̀, pé àwọn ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Níbí ni ìbínú mi ti pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́kúṣọ́ọ̀bù ọlọ́jọ́ mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn kan ní ìlú. Olùkọ́ á gba báàgì, á gba owó ọkọ̀, á jẹ ìrẹsì, á wo ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ yọ sára ògiri, á gba ìwé-ẹ̀rí, á sì padà sí yàrá tí kíláàsì mẹ́ta ti ń dúró dè é. Ẹni tó kọ́ ọ ní gbọ̀ngàn kò ní tẹ̀lé e dé yàrá yẹn láé. Télọ̀ wa kò kọ́ iṣẹ́ báyìí, bẹ́ẹ̀ ni mẹkáníìkì wa. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ máa ń wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá á rí àṣìṣe rẹ̀ lójú iṣẹ́, á sì tún un ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ tó le ju ti télọ̀ lọ ni a wá ń fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́.

Ìtàn wa kìlọ̀ fún wa nípa èyí tipẹ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní prámárì. Iye ọmọ tó wà ní iléèwé jẹ́ 456,600 ní 1954. Ó fò di 811,432 ní 1955. Àwa tàbí àwọn òbí wa jẹ nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ńlá náà. Síbẹ̀, nígbà tí ariwo wá pọ̀ pé ìwé àwọn ọmọ kò jinlẹ̀ mọ́, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà gbé Ìgbìmọ̀ Banjo kalẹ̀ ní òpin 1960 láti wádìí. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ìgbìmọ̀ náà tọ́ka sí ni pé àwọn olùkọ́ tí wọn kò kọ́ níṣẹ́ ti pọ̀ jù ní kíláàsì. Wọ́n ti kọ́ ilé, wọ́n ti ra bẹ́ǹṣì, àwọn ọmọ sì ti dé. Olùkọ́ ni kò tíì ṣe tán. Ó ti lé ní 60 ọdún tí wọ́n ti sọ èyí fún wa, a ṣì ń fi olùkọ́ ṣe ìkẹyìn.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tó wà nílẹ̀ wa hàn yín. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí Ìgbò-Ọrà ní Ìbàràpá, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n mọ bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn níbi tí ohun èlò ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn kò sí, kí wọ́n sì mọ ìgbé ayé àwọn tí wọ́n ń tọ́jú. Àwọn dókítà tó ti kọjá níbẹ̀ kò lóǹkà. Nínú Ìbàràpá kan náà, ní Lánlátẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ wà. Kí ló dé tí ètò Ìgbò-Ọrà kò fi ní ìkejì fún olùkọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá? NCE ni ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù tí òfin ní kí olùkọ́ prámárì ní, síbẹ̀ ènìyàn lè gba NCE láìdúró níwájú kíláàsì mẹ́ta nínú yàrá kan lẹ́ẹ̀kan rí. Iléèwé ìlú ni púpọ̀ nínú wọn máa ń wá lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, nítorí pé ibẹ̀ ló súnmọ́. Lẹ́yìn náà ni ìjọba á gbà wọ́n síṣẹ́, á sì jù wọ́n sí oko bí ẹni tó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀.

Kọ̀lóńbíà mọ̀ pé kíláàsì púpọ̀ nínú yàrá kan kì í ṣe àrùn tí a ń dúró kó san. Láti àárín ọdún 1970 sí 1980, Vicky Colbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò Escuela Nueva fún irú iléèwé yẹn gan-an. Wọ́n kọ ìwé tí ọmọ lè máa tẹ̀lé fúnra rẹ̀ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, wọ́n pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, àwọn tó mọ̀ ń ran àwọn tí kò mọ̀ lọ́wọ́, olùkọ́ sì ń lọ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́. Kí olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó máa kọ́kọ́ lọ wo iléèwé tó ti ń ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀, òun àti àwọn olùkọ́ tó wà nítòsí rẹ̀ á máa pàdé déédéé láti jọ yanjú ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Nígbà tí UNESCO fi iléèwé àwọn orílẹ̀-èdè Látìn Amẹ́ríkà wé ara wọn ní 1998, Kọ̀lóńbíà nìkan ni àwọn ọmọ abúlé ti ṣe dáadáa ju àwọn ọmọ ìlú lọ, àyàfi ní àwọn ìlú ńláńlá. Kọ̀ǹpútà kankan kò sí nínú ètò náà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ló kù, ó sì ń dùn mí. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní iléèwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ ní Yorùbá wà níbẹ̀, olùkọ́ tí wọ́n ń tọ́ sọ́nà sì wà níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ prámárì. Ó ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Èmi kò gbà. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá láìsí ìwé Yorùbá, láìsí olùkọ́ tí a kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ìwé kíkà Yorùbá, kì í ṣe Yorùbá ló kùnà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ pín. A óò wá fi ohun tí kò yé ọmọ, ní èdè tí kò gbọ́, sínú ẹ̀rọ tí kò lè béèrè pé ṣé ó yé e.

Ẹ̀rọ tó wúlò fún olùkọ́ abúlé ti wà lápò rẹ̀. Fóònù ni. Ó lè fi gba ohùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìdá, ó lè ya fídíò kíláàsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí alábẹ̀wò. Bí ìjọba bá san owó dátà fún un lóṣooṣù, ìyẹn á ṣe é lóore ju pátákó ẹ̀rọ tó ń tan iná lọ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2020, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí owó oṣù àrà ọ̀tọ̀ fún olùkọ́, owó àfikún fún àwọn tó wà ní oko sì wà nínú rẹ̀. Àfikún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì tó wà nínú ìlérí kan náà di òfin ní 2022. Ti owó náà, àwọn olùkọ́ ṣì ń béèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ń fi owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, sílẹ̀ ní Abuja nítorí pé wọn kò mú ìdajì tiwọn wá.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ yín bá gbé àbá ìṣúná jáde, ẹ ṣí ojú ìwé ètò ẹ̀kọ́, kí ẹ sì pe kọmíṣọ́nnà sí ìpàdé. Ẹ béèrè iye ilé tó máa kọ́ fún olùkọ́ ní abúlé lọ́dún yìí, kí ó dárúkọ abúlé náà. Ẹ béèrè iye ọ̀kadà tó wà fún àwọn alábẹ̀wò, àti ta ló ń ra epo sí i. Ẹ béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ NCE tó máa gbé oko fún odindi sáà kan kí wọ́n tó gba ìwé-ẹ̀rí, àti ìwé kíkà Yorùbá mélòó tó wà lórí bẹ́ǹṣì fún prámárì kìn-ín-ní. Bí ó bá ní tábúlẹ́ẹ̀tì 50,000 ni àwọn fẹ́ rà fún àwọn ọmọ, ẹ ní kó ra 500, kó fún àwọn alábẹ̀wò, kí ìyókù owó náà sì lọ sí ilé olùkọ́.